Ọmọ Tó Ń Gbọ́n Omi

Ìró kan wà tí etí mi kò ní gbàgbé láyé. Ìró kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí ni, bó ṣe ń ha inú ọkọ̀ onípákó, tí omi rẹ̀ sì ń dà padà sínú ọ̀sà: hàà, yàà, hàà, yàà. Òun ló jí mi ní ìdájí ọjọ́ kejì tí mo dé Báyékù, lọ́nà Ìkòròdú, nínú ọyẹ́ tó kọjá. Mo dìde lórí ẹní Màámi, mo da ìborùn bo èjìká, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí omi.

Ọmọ àbúrò mi ni mo bá nínú ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó lóṣòó sí ìdíkọ̀, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́n ọn dànù. Bàbá rẹ̀ wà lórí èbúté, ó ń to àwọ̀n, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí ti ń jò?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń bi í. "Ó máa ń jò ni, mà."

Ó máa ń jò ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ máa ń mọ́, pé òjò máa ń rọ̀. Ó tún tẹ̀ ba, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Èmi náà ti lóṣòó síbi tó lóṣòó sí yẹn rí. Apẹja ni bàbá mi, èmi sì ni àkọ́bí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méje títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ mi nínú ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí Bàbá bá ń wakọ̀, kí n máa gbọ́n omi. Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A kì í bu omi kún kẹ́ẹ̀gì; ìdajì là ń bù, kí apá má baà tètè kú. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ là ń dà á sí, torí bí a bá dà á síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ojú awakọ̀ ni yóò padà sí. A kì í dìde nàró gbọ́nmi. Ọkọ̀ kékeré kò fẹ́ ẹni tó ń dìde nàró láìnídìí. Nígbà tí omi bá kù díẹ̀ tí kẹ́ẹ̀gì kò bù ú mọ́, fóòmù tó ya lára mátíràsì la fi ń fà á, a ó sì fún un dànù. Bí mo bá gbọ́n ọn títí tí pákó ìsàlẹ̀ fi hàn, Bàbá á fi oríkì pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ ò ní rọ." Orí mi á wú. Mo gbà pé èmi ni mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ wa rì, òótọ́ sì ni.

Bàbá ní àṣà kan. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó wọ ọkọ̀ láàárọ̀, á ti ìka bọ omi tó wà nínú rẹ̀, á fi kan ahọ́n. Bí omi bá níyọ̀, ọ̀sà ló wọlé. Bí kò bá níyọ̀, òjò òru ni. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, tí odò Ògùn àti àwọn odò yòókù bá fà, omi òkun máa ń gba ẹnu ọ̀sà ní Èkó wọlé wá bá wa, omi tí à ń pẹja nínú rẹ̀ á sì níyọ̀. Bí òjò bá dé, omi odò á ti iyọ̀ náà padà, ahọ́n kò sì lè ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo rí i tí Bàbá tọ́ omi wò tó sì mi orí, torí pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Yóò gbé kẹ́ẹ̀gì lé mi lọ́wọ́, a ó sì lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo bá ọmọ yẹn nínú ọkọ̀, mo jókòó ti Màámi nídìí ààrò tó ti ń yan ẹja. Mo ní, "Màámi, ṣé bí ọkọ̀ Bàbá ṣe jò náà nìyí?"

Ó ń yí ẹja padà, kò wojú mi. "Èyí tó o máa ń gbọ́n? Ó jò títí o fi lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tó o lọ tán, tí kò sẹ́ni tó máa gbọ́n ọn, ló bá fà á gòkè, ó dí i. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà á."

Mo ní, "Ọjọ́ mélòó?"

"Márùn-ún. Kì í ṣe nǹkan ńlá."

Ọdún márùn-ún ni mo fi gbọ́n omi tí ọjọ́ márùn-ún lè dí. Mi ò bínú sí bàbá mi. Ènìyàn rere ni, ó ṣiṣẹ́ fún wa títí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kan ti wà tó ń ru ìnira ọkọ̀ yẹn, ìnira náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè mú un kúrò. Ọjọ́ tí ọwọ́ náà lọ, ó rí ihò. Ohun tí mo gbé sùn nìyẹn, mi ò sì sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì mo pe àbúrò mi. Mo ní kí ó fa ọkọ̀ gòkè, kí a wá ibi tó ti ń jò. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín àbùkù.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ sódò, a ò ní jẹun. Tí mo bá fà á gòkè, kí la máa jẹ? Ọmọ sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́n ọn."

Ọ̀lẹ kọ́ ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹni tó ń gbọ́n omi kò nílò ju apá tòní lọ. Ẹni tó fẹ́ wá ihò ní láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìdáwọ́dúró sì jẹ́ owó. Ìdí nìyẹn tí òtòṣì fi ń gbọ́n omi pẹ́ ju olówó lọ, tí ẹnu aráyé sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Mo ṣírò ohun tí ilé rẹ̀ ń ná fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo kà á sí i lọ́wọ́. Mo wá ní kí a lo ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan sí i kí a tó fà á, nítorí mo fẹ́ mọ nǹkan kan.

Mo bẹ ọmọ náà pé kí ó bá mi ka iye ìgbà tó bá gbọ́n omi. Ní ìdájí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dá wà lórí omi láti ìrọ̀lẹ́, ìgbà 11 ló gbọ́n ọn. Wọ́n wá lọ ká àwọ̀n, wọn ò lò ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ náà na ọwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀: "Àǹtí, ìgbà 63!"

Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà méjì bó bá bù ú dé ìdajì. Lítà omi kan, kílò kan ni. Láàárín wákàtí méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti gbé kílò 126 jáde nínú ọkọ̀, ìyẹn ju ìwọ̀n bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé òru gbogbo kò mú omi tó pọ̀ wá, wákàtí méjì péré ló mú un wá. Bí ihò bá kàn jẹ́ ihò, kí ló dé tó fi ń sùn lóru?

Bàbá kan wà ní etí omi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Agbẹ́kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pákó ló ń kàn pọ̀ báyìí, kì í gbẹ́ ìtì igi mọ́. Ó sọ fún mi pé nígbà èwe òun, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú igi kan ṣoṣo ni àwọn àgbà fẹ́ràn. Mo rántí ọkọ̀ Dufuna tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa rẹ̀. Lọ́dún 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan igi nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ni igi náà jẹ́, ó gùn tó mítà 8.4, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí pákó ti fẹnu ko pákó. Bó bá jò, igi ló là tàbí igi ló jẹrà, ojú á sì rí i.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onípákó yàtọ̀. Ti àbúrò mi gùn tó mítà mẹ́fà, pákó méje ló sì gùn ún láti orí dé ìdí. Pákó méje ń pàdé lójú mẹ́fà, mítà mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà sì jẹ́ mítà 36 tí omi lè gbà wọlé, kí a tó ka ojú ìṣó. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ onípákó, ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀. Iṣẹ́ akànkọ̀ ni kó pa á dé.

Nígbà tí a mú Bàbá Agbẹ́kọ̀ dé ibi ọkọ̀, mo rò pé yóò mú hámà. Kò mú nǹkan kan. Ó jókòó sórí ìtì àgbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ bí oníṣègùn tó mọṣẹ́. Ṣé ọkọ̀ ń jò bó bá dúró jẹ́ẹ́? Bí ó bá ń jò lọ́gbọọgba tọ̀sán tòru, abẹ́ pátápátá ni kí a wò. Ṣé ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ nìkan ni? Á jẹ́ pé ihò náà ga, ẹrù ló ń tì í kan omi. Ṣé ìgbà tí ìgbì bá ń lù ú níwájú ni? Ká lọ wo orí ọkọ̀. Ṣé ó jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e sómi, tó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta? Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Pákó ló gbẹ tó sún kì, bó bá mumi yó yóò wú, yóò sì fẹnu kora. Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń le jù, nígbà tí omi níyọ̀? Ó fi èkù ọ̀bẹ lu pákó kọ̀ọ̀kan bó ti ń sọ ọ́, ó dẹ etí sí i. Kòkòrò kan wà nínú omi oníyọ̀ tó ń jẹ pákó, tí ihò tó gbà wọlé kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Inú igi ló ti ń dàgbà, tó ń la ọ̀nà kiri, títí pákó tó dán lóde á fi dà bí afárá oyin nínú. Pákó tó yè ń dún ganran. Èyí tí wọ́n ti jẹ nínú ń dún bọ́bọ́. Tiwa dún ganran.

Àbúrò mi tọ́ka sí ìdíkọ̀, níbi tí omi máa ń kórajọ sí. "Ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, Bàbá. Mo ti kun ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá Agbẹ́kọ̀ mi orí. "Ibi tí omi jókòó sí kọ́ ló gbà wọlé. Ìdíkọ̀ ló rẹlẹ̀, omi ń wá ibi tó rẹlẹ̀. Ó lè ti iwájú wá, ó lè ti ẹ̀gbẹ́ wá. Àlejò tó o bá ní pálọ̀, ṣé ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn wà?"

Mo wá sọ ìṣirò wa fún un: 11 lóru, 63 ní wákàtí méjì. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ta ló kà á?" Mo tọ́ka sí ọmọ tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó pè é, ó fà á mọ́ra láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ìwọ tó ò ń gbọ́n ọn, ìgbà wo lomi máa ń pọ̀?"

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí Dádì mi bá dìde dúró ni."

Gbogbo wa dákẹ́.

"Bí wọ́n bá jókòó, mo máa ń gbọ́n ọn tán. Bí wọ́n bá dìde tí wọ́n ń fa àwọ̀n, kì í tán."

Àbúrò mi ní, "O ò sì sọ fún mi?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ ò bi mí, sà."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé mi lẹ́nu àgbà àti ọ̀mọ̀wé. Èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọmọ yìí ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ láti bí ọdún kan. Apá rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbọ́n omi ló mọ jíjò ju ẹni tó ni ọkọ̀ lọ, nítorí òun lomi ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì la ń gbé lé e lọ́wọ́, a kì í bi í ní ọ̀rọ̀.

A fa ọkọ̀ gòkè lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà ló fà á, a gbé e lé ìtì àgbọn méjì kí abẹ́ rẹ̀ lè hàn. Bàbá Agbẹ́kọ̀ kò jẹ́ kí oòrùn pa á tààrà. Ó ní oòrùn tó bá le jù máa ń la pákó, a ó wá dí ihò kan, a ó bí mẹ́wàá. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òun fẹ́ ẹfun. Kò sí ẹfun nítòsí, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì wà nínú báàgì mi, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn táàmù. Mo lọ̀ ọ́, èmi àti ọmọ náà sì fi pa gbogbo ojú ìpàdé pákó láti ìsàlẹ̀, títí abẹ́ ọkọ̀ fi funfun. Ibi tí omi bá kọ́kọ́ kàn, ẹfun á dúdú.

Bàbá Agbẹ́kọ̀ ní kí a bu omi sínú ọkọ̀, kó má ju ìka mẹ́rin lọ. Lórí omi, ọ̀sà ló ń gbé ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Lórí ilẹ̀, kò sí ohun tó gbé e àfi ìtì méjì, omi tó bá pọ̀ jù lè ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn. A bu omi, a dúró. Mo dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn lábẹ́ ọkọ̀, ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. A wo funfun yẹn títí ojú ń ro wá. Kò sí nǹkan kan. Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kọjá, kò sí nǹkan kan.

Àbúrò mi mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i pé kò sí ihò."

Bàbá Agbẹ́kọ̀ ní, "Wọlé. Dúró síbi tó o máa ń dúró sí."

Ó gun ọkọ̀. A gbọ́ tí pákó ké díẹ̀ lókè orí wa. Lójú mi báyìí, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ìdíkọ̀, ìlà kan dúdú nínú ẹfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrun orí. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Omi yọ lójú rẹ̀ bí òógùn iwájú orí, ẹyọ kan, méjì, wọ́n dì pọ̀, ẹ̀kán àkọ́kọ́ sì já bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó pariwo, "Òun nìyẹn!" Bàbá rẹ̀ fò sílẹ̀ láti wá wò ó. Bó ti fò sílẹ̀, ìlà náà pa ẹnu dé, omi dúró. A ní kó padà sókè. Ó padà, omi bẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ̀kalẹ̀, omi dúró.

Orí ihò náà gan-an ló ti ń dúró láti bí ọdún kan.

Bàbá Agbẹ́kọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tó yọ ìṣó ibẹ̀. Ìṣó mẹ́ta tó de pákó mọ́ igi ìhà ti dípẹtà. Iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Bí irin bá dípẹtà ó máa ń wú, á fẹ ojú igi, lẹ́yìn náà á jẹ ara rẹ̀ tín-ín-rín títí kò fi ní di nǹkan kan mú mọ́. Ọ̀kan já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí igi iṣáná. Pákó ibẹ̀ ti tú láìhàn sójú. Bí ọkọ̀ bá dá wà, pákó á padà sáyè rẹ̀. Bí ènìyàn bá dìde dúró lórí rẹ̀ tó ń fi gbogbo agbára fa àwọ̀n, á tẹ̀, ẹnu á là. Ọ̀dà tí àbúrò mi ti kùn lé ìdíkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò kàn án rárá. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, nítorí pé làpálàpá ló hàn.

Dídí rẹ̀ kò pẹ́ tó wíwá rẹ̀. Bàbá Agbẹ́kọ̀ ṣá igi ìrókò kéékèèké bí èèkàn, ó tì wọ́n bọ ọ̀dà, ó kàn wọ́n sí ojú ìṣó àtijọ́. Ó de pákó mọ́ igi ìhà lójú tuntun, níbi tí igi ṣì le. Ó ha òwú àtijọ́ kúrò láàárín pákó méjèèjì, ó lọ́ òwú tuntun bí okùn, ó rì í bọ ọ̀dà, ó fi irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti òòlù onígi kì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wò wá ní kí ló dé tí kò lo gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pò, tó ń dì bí òkúta. Bàbá ní igi ń mí. Bó bá mumi, á wú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Ohun tó bá le bí òkúta láàárín ohun méjì tó ń mí, ó máa là ni, tàbí kó la ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ki òwú náà pinpin. Ó ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún pákó láti wú, kó má baà ti ìṣó jáde.

Ó wá yọ́ ọ̀dà, ó kùn ún lóde, ó kùn ún nínú. Màámi tó jókòó lábẹ́ igi ní bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe sọ fún Nóà nínú Jẹ́nẹ́sísì, pé tinú tòde ni kó fi ọ̀dà kun ọkọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ọkọ̀. Ó fi pákó fífẹ̀ kan dábùú igi ìhà méjì níbi tí àbúrò mi máa ń dúró sí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà wà lórí pákó kan ṣoṣo mọ́. Ó ní, "Ihò la dí. Ohun tó fa ihò ni mo gbé pákó yìí lé."

Ọjọ́ kẹjọ la gbé e padà sómi, ó sì jò. Ó jò níbi gbogbo, àní níbi tí a ò fọwọ́ kàn. Ọmọ náà sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì: "Àǹtí, ó ṣì ń jò." Mo rántí ohun tí Bàbá Agbẹ́kọ̀ ti sọ nípa pákó tó gbẹ, mo ní kó jẹ́ ká dúró. Lọ́jọ́ kejì omi dín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Mo tan iná sí i. Pákó ìsàlẹ̀ ń dán, ó tutù, kò sí omi lórí rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí àwọn tó ń gbọ́n omi níbi gbogbo. Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ ti ń fi owó ara wa ra ṣọ́ọ̀kì, tí a sì ń pín ìwé kan fún ọmọ mẹ́ta. Nítorí pé a ń ṣe bẹ́ẹ̀, kíláàsì ń lọ, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ wá wò á ní kò sí wàhálà. Ìyá kan ní àdúgbò wa ń jí ní aago mẹ́rin lọ pọnmi kí ilé tó jí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí wa, àkọ́bí kan wà tó ń gbé owó sí gbogbo ihò, a sì ń ki í bí Bàbá ṣe ń kì mí: ọwọ́ rẹ ò ní rọ. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n bí àdúrà bá gba ipò ìbéèrè, ọwọ́ náà yóò rọ lọ́jọ́ kan, omi yóò sì ti pọ̀ ju ohun tí a lè gbọ́n lọ.

Mo mọ̀, nítorí èmi ni àkọ́bí náà. Lóṣooṣù ni mo ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi, oṣù kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbà á tán. Èmi tí mò ń gbọ́n ọn ti ṣàkíyèsí ohun kan tí mi ò sọ rí, torí kò sẹ́ni tó bi mí: oṣù tí ẹja bá pọ̀ jù ni owó ń wọ́n ọn jù. Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, lórí èbúté, mo sọ ọ́ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá jẹ́wọ́ pé àwìn ni òun gba àwọ̀n, lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ẹja òun. Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá wà, iye tó bá wu oníbàárà náà ló ń san, bí ẹja bá sì ti pọ̀ tó ni àdánù òun ṣe ń pọ̀ tó. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni ẹnu ń là sí i. Orí ihò yìí náà ló ti ń dúró. Gbèsè náà kò tó owó oṣù mẹ́rin tí mò ń fi ránṣẹ́. A san án pọ̀, òun ìdajì, èmi ìdajì. N kò sọ pé kò ní tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́; ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Mo kàn mọ ibi tí omi ń gbà.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà s'Íbàdàn, mo ní kí wọ́n gbé mi dání lọ ká àwọ̀n. Mo jókòó sí àárín ọkọ̀. Ọmọ náà lọ sáyè rẹ̀ ní ìdíkọ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín orúnkún, ó ń dúró de omi. A kúrò létí èbúté. Bàbá rẹ̀ dìde dúró lórí pákó tuntun, ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún pa á. Nígbà tó yá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ àga, torí kò sí ọkọ̀ onípákó tí kò ní jò lọ́jọ́ kan. Ó wá gbójú sókè.

"Dádì, kí ni kí n wá máa ṣe?"

Àbúrò mi wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àwọ̀n, ó fa àjẹ̀ kékeré kan yọ, ó nà án sí i.

"Bọ́ síwájú," ó ní. "Mo máa kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wà á."